Ajá Gbé Abetí Ajá

Ẹ bá mi bi àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Manchester léèrè: òkè tí kò sí wòlíì lórí rẹ̀, kí ni èèyàn ń gùn ún fún? Nílé, ọmọ tàbí físà lẹni tó gun orí òkè ń wá. Èmi ti gba físà, àwọn ọmọ sì ń jẹ owó mi lójoojúmọ́. Síbẹ̀, ní Sátidé tó kọjá, mo bá wọn wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Edale. Wọ́n ní a ó gun Mam Tor, a ó gba ẹ̀yìn òkè náà, tó rí tínínrín bí ẹ̀yìn màlúù tó rù, dé Lose Hill, a ó sì padà sí Edale. Ìyẹn ni pé a ó rìn títí di ìrọ̀lẹ́, a kò sì ní dé ibì kankan.

Òkè tó ń gbọ̀n ni àwọn òyìnbó ń pe Mam Tor. Ó ga ní 517 mítà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kò sì yéé ya. Ó fa ọ̀nà ọ̀dà tó gba ibẹ̀ ya títí wọ́n fi tì í pa ní 1979.

Ojú ọjọ́ ibẹ̀ dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ ọ́ lówó. Oòrùn ràn ní Edale. Kí a tó dé òkè, òjò ti ń dábùú rọ̀ wọ inú etí. Kí n tó wọ ẹ̀wù òjò tán, ó ti dá. Mo sáà dé abetí ajá tí bàbá mi fi sílẹ̀, mo fa etí rẹ̀ bo etí mi, nítorí iṣẹ́ tó bá wáyé gan-an nìyẹn. Àwọn tó ń re òde ìgbéyàwó ló ń fi etí rẹ̀ ṣe fáàrí.

A kọjá Hollins Cross, mo ní kí n fi fídíò pe àbúrò mi l'Abẹ́òkúta, kó rí òkè tó ju Olúmọ lọ. Mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ, ni mo bá ká etí fìlà sókè. Àṣìṣe! Atẹ́gùn gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, fìlà gbéra. Àbúrò mi ń pariwo nínú fóònù, "Ẹ̀gbọ́n, fìlà Bàbá! Fìlà Bàbá!" Mo sáré tẹ̀ lé e, ẹrẹ̀ yọ̀ mí, mo fi ìdí jókòó. Ibẹ̀ ni ajá dúdú kan ti já lọ́wọ́ olówó rẹ̀, ó fò, ó fi ẹnu hán abetí ajá létí.

Obìnrin tó ni ajá bẹ̀ mí títí. Ó béèrè pé kí ni a ń pe irú fìlà bẹ́ẹ̀. Mo ní fìlà lásán ni. Ta ni yóò dúró nínú ìjì máa túmọ̀ etí ajá, nígbà tí itọ́ ajá ń kán lára rẹ̀?

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣubú yẹn, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí bóyá kò sí nǹkan, mo ní kò sí, wọ́n sì ń lọ. Bó ṣe ilé ni, èèyàn mẹ́wàá ì bá ti kí mi ní "pẹ̀lẹ́" kí ìdí mi tó kanlẹ̀. Pẹ̀lẹ́ kì í ṣe ìbéèrè. Kò ní kó o dáhùn. Láti ibẹ̀ dé Lose Hill, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo ti fọ fìlà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ihò eyín mẹ́rin ló wà létí òsì. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá rí àbúrò mi l'Abẹ́òkúta, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún Ìyá wa.