Mo Bèèrè Iye Owó Oúnjẹ Lọ́wọ́ Onílé

Kò sí ẹni tó mọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó ọmọ Ìbàdàn tó ń gbé Sùúrùlérè. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni, ẹ bi mí. Láti ìgbà tí mo ti dé Èkó, ohun tí mo mọ̀ nípa Erékùṣù kò ju kí n ra àǹkárá ní Balógun, kí n sì tètè padà kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó ká mi mọ́ orí Afárá Carter. Síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi àti ọkọ rẹ̀ dé láti Manchester, tí Àǹtí ní àwọn fẹ́ jẹun ní àdúgbò àtijọ́, ẹnu mi ti dáhùn kí ọpọlọ mi tó jí.

"Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Mo mọ Pópó Àgùdà bí ẹni mowó."

Ìyàwó mi wò mí, kò fèsì. Ó ti pẹ́ nílé mi, ó mọ bí irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣe máa ń parí.

Ìwé ìtàn kan tí mo kà nílé ẹ̀kọ́ girama ni mo gbójú lé. Ó sọ nípa Ilojo Bar ní Ojúde Tinubu: ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1855, ilé ọtí àti ilé oúnjẹ ni wọ́n fi ṣe, ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933, ìjọba sì kà á mọ́ ilé ìtàn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ní 1956. Gbogbo rẹ̀ ni mo kà fún wọn nínú ọkọ̀ láìwo ìwé. Ohun tí kò sí nínú ìwé mi ni Oṣù Kẹsàn-án 2016, nígbà tí wọ́n wó ilé náà palẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan. A dé Tinubu, mo nawọ́ sí i, ọwọ́ mi sì dúró lófuurufú.

"Wọ́n ń tún un ṣe ni," mo ní.

Ọmọkùnrin kan tó gbé omi inú ọ̀rá rù dúró, ó wò mí dáadáa. "Bọ̀dá, kí ni wọ́n ń tún ṣe? Wọ́n ti wó o tipẹ́."

Inú ṣì ń bí mi sí ọ̀rọ̀ ilé yẹn, kì í ṣe nítorí ìtìjú tèmi nìkan. Ilé tó ti lo ọgọ́jọ ọdún, tí òfin wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wá jẹ́ kó wó! Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà kò sí àyè fún ìbínú, ebi ti ń pa Bùrọ̀dá.

Èmi ni mo yan ọjọ́ tí a máa lọ. Ọjọ́ Ẹtì Rere ni mo mú, mo ní kò ní sí ọkọ̀ lójú títì. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Kò sí ọkọ̀, kò sí òṣìṣẹ́, kò sì sí àwọn ìyá olóúnjẹ ọ̀sán tó ń bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ní Marina àti Broad Street. Ìlẹ̀kùn irin la rí káàkiri.

Àǹtí ní òun gbọ́ nípa Freedom Park. Mo rẹ́rìn-ín ọ̀mọ̀wé. Mo ṣàlàyé fún un pé ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó amúnisìn ni, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti Awólọ́wọ̀ mọ́ nígbà kan, pé ọdún 2010 ni wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́, àti pé ibi tí wọ́n ti ń so ènìyàn rọ̀ ni wọ́n ti ń kọrin báyìí. Ojú Bùrọ̀dá là. "A sì lè jẹun níbẹ̀?" Mo ní a lè jẹun, ṣùgbọ́n n kò lè gba àlejò láti Manchester kí n gbé wọn lọ jẹun lẹ́wọ̀n. Ẹ rántí ìdáhùn yìí.

A rìn títí a fi já sí òpópónà Bámgbóṣé. Àwọn ènìyàn ń ti Kàtídírà Holy Cross bọ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Lójijì ni mo rí i: kánópì, àga oníke, ìkòkò ràgàjì lórí iná, àwọn ènìyàn jókòó tí wọ́n ń jẹun. Ọkàn mi balẹ̀.

"Ibí gan-an ni mo ń mú yín bọ̀ láti àárọ̀."

Mo wọlé, mo fa àga, mo pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin kan sáré wá, ó kúnlẹ̀, ó gbé omi fún wa. Mo yíjú sí Àǹtí, mo ní ẹ rí i bí a ṣe ń tọ́jú oníbàárà l'Ékòó? Mo wá bi ọmọ náà pé kí ni wọ́n ní.

"Fùréjọ̀n ni, sà."

"Yàtọ̀ sí ìyẹn? Àmàlà ńkọ́? Ṣé ṣàkì wà? Fi pọ̀nmọ́ méjì sí tèmi."

Ọmọ náà wò mí bí ẹni tó rí ewúrẹ́ tó jókòó sórí àga ìjòyè. Mo rò pé kò gbọ́ ni, mo tún un sọ sókè sí i. Ẹran, lọ́jọ́ Ẹtì Rere, láàárín àwọn Kátólíìkì! Kò bá mi jiyàn. Ó lọ bu fùréjọ̀n wá.

Fún ẹni tí kò bá jẹ ẹ́ rí: ẹ̀wà ni, wọ́n á sè é títí á fi rọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá fi omi àgbọn, ṣúgà àti kànáfùrù sè é títí á fi ki. Àwọn Àgùdà, àwọn ẹrú àná tó padà láti Bùràsíìlì ní ayé àwọn baba ńlá wa, ni wọ́n mú un wálé. Wọ́n á wọ́n gààrí lé e, wọ́n á sì fi ọbẹ̀ ẹja dídín jẹ ẹ́. Mo fi ṣíbí kan sẹ́nu. Ṣúgà nínú ẹ̀wà! Mo ké sí ọmọ náà pé kó bá mi wá epo pupa, ata gígún àti àlùbọ́sà.

Ọbẹ̀ ẹja ló bá mi wá ata. Àwọn ará Èkó ní oko ata Arómirẹ̀ ni Ìga Ìdúngànràn dúró lé lórí. Lọ́jọ́ yẹn mo gbà pé wọn kò tíì kórè rẹ̀ tán. Omijé ń bọ́, mo pariwo pé kí wọ́n gbé bíà tútù wá. Bàbá kan nítòsí mi rọra kó rósárì rẹ̀ sápò. Bùrọ̀dá kò sọ̀rọ̀. Ó ti ń fá abọ́ kejì.

Mo wá na ọwọ́ sókè. "Ẹ wá gbowó o! Èló ni abọ́ kan? Ẹ sì yára díẹ̀, iṣẹ́ yín ń falẹ̀ jù."

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Ìyá àgbà kan dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ó rọra rìn wá.

"Bàbá mi, ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n!" Ó yíjú sí àwọn yòókù. "Ó ti yé wa."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ilé wọn ni. Ọdọọdún ni wọ́n ń sè é, ẹni tó bá yà wọlé ni wọ́n ń bù fún. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí òkúta wẹ́wẹ́. Nígbà tí mo dìde, mo tún yọ owó, mo na án sí Màmá. Ìyàwó mi gbà á lọ́wọ́ mi kí Màmá tó rí i tán, ó jọ pé ó ti ń retí rẹ̀.

Àǹtí ti kúnlẹ̀, ó ti gba kàn-ìn-kàn-ìn, ó ń fọ abọ́. Ó ti dé Salvador ní Bahia rí, ó jẹ acarajé lọ́wọ́ àwọn obìnrin aláṣọ funfun níbẹ̀, ni òun àti Màmá bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí kò tán. Mo fẹ́ dá sí i. Mo ní Ilé Olómi tí João da Rocha ti ń ta omi kò jìnnà síbí, mo sì nawọ́ síhà Ẹ̀pẹ̀tẹ̀dó.

"Kákáwá ni," Màmá ní, láìgbójú sókè.

Òun náà ló kọ́ wa níbi tí a ti ń jẹun lọ́jọ́ mìíràn: kí a dé ní kùtùkùtù fún ẹ̀wà agọ̀yìn àti búrẹ́dì, kí a ra gúrúdì dání, kí a má sì wá ní ọjọ́ ìsinmi. "Lónìí, ẹ bá ti mú wọn lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn," ó ní. Bùrọ̀dá wò mí. Mo ń wo bàtà mi.

Nígbà tí Ọjọ́ Ẹtì Rere mìíràn ń bọ̀, ìyàwó mi ni Màmá pè lórí fóònù. Ó ní kó mú ọmọ Ìbàdàn yẹn dání, iṣẹ́ wà. Àgbọn ni wọ́n kó síwájú mi, òkìtì rẹ̀, pẹ̀lú pákó ìrin kan. Kò tíì tó ààbọ̀ tí èjìká mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bí wọ́n bá tiẹ̀ fẹ́ ta fùréjọ̀n yẹn, owó apá mi nìkan, kò sí oníbàárà tó lè san án.