Ta Ló Dí I Nímú?

Corradino D'Ascanio, ará Ítálì tó ṣe Vespa, kò fẹ́ràn alùpùpù rárá. Ẹlẹ́rọ bàálù ni. Ohun tó kà sí alùpùpù lọ́rùn ni pé ó máa ń ba aṣọ jẹ́: ṣéènì ń ta ọ́ìlì sí ṣòkòtò, ẹ́ńjìnnì sì wà gbangba láàárín ẹsẹ̀ ẹni. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Piaggio gbé iṣẹ́ náà fún un lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó yọ ṣéènì dànù, ó so ẹ́ńjìnnì mọ́ táyà ẹ̀yìn, ó fi páànù bò ó, ó sì fi páànù mìíràn dí iwájú ẹsẹ̀ kí ẹrẹ̀ má baà ta séèyàn lára. Ọdún 1946 ni Vespa jáde. Tíṣà ayé ọjọ́un lè wọ funfun gùn ún kúrò nílé, kó sì dé iléèwé ní funfun.

Èmi náà wọ funfun gùn ún. Mò ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Vespa 150 Super ni bàbá mi fi sílẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ilé wa ní Ọ̀fàdà ló wà, tí adìyẹ ń yé sí abẹ́ rẹ̀, kó tó di pé mo fẹ̀yìn tì tí mi ò rí nǹkan ṣe. Mo jí i dìde, ó dáhùn. Àmọ́ láràárọ̀ ni ọ́ìlì dúdú máa ń wà nílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo ń gbé e sí, níbi tí ìyàwó mi ti fọ̀ ọ́ lálẹ́ àná. Kò sọ̀rọ̀. Ṣe ló kàn ń gbé ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì síwájú yàrá mi.

Mo pe ọmọ kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe. Bajaj ló mọ̀. Ó wá ibi tí wọ́n ti ń yẹ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wò títí, kò rí i. Ó ní, "Alàgbà, ẹ́ńjìnnì yìí ò níbi ọ́ìlì o." Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Mo ní irú ẹ́ńjìnnì yìí, inú táǹkì la ti ń po ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróòlù, 20 mílílítà sí lítà kan. Wọ́n á jọ wọlé, wọ́n á jọ jó, ohun tó kù á di èéfín. Gíá nìkan ló ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, 250 mílílítà péré. Ọmọ náà dúpẹ́, ó kí mi fún ìmọ̀, ó sì lọ. Ẹ wo bí mo ṣe fi ẹnu ara mi sọ pé ọ́ìlì wà nínú epo, tí mi ò tún rántí ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Mo yọ táyà ẹ̀yìn, mo nà gbalaja sílẹ̀, mo tan iná fóònù. Lókè ìdérí kílọ́ọ̀ṣì ni mo ti rí i: ihò kékeré kan báyìí, ọ́ìlì sì tutù létí rẹ̀. Ọwọ́ tẹ olè! Mi ò bi ara mi léèrè pé ta ló lu ihò síbẹ̀ ní Ítálì, àti pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Mo lọ ra gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní fọ́ọ̀ mínìtì, mo po tibí pọ̀ mọ́ tọ̀hún, mo sì fi ìka rọ ọ́ sínú ihò náà títí tó fi dí pa.

Ó wá ku ọ́ìlì gíá. Bí wọ́n ṣe ṣe ihò tí wọ́n ń gbà rọ ọ́ ni pé, bí ọ́ìlì bá ti tó ìwọ̀n, á máa tú jáde. Lójú tèmi, ìwà ahun nìyẹn. Mo bá gbé Vespa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ihò náà lè gòkè, mo sì rọ gbogbo inú ìgò sí i. Jẹun kó o yó, mo ní fún un.

Ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni mo gbé e jáde. Léèsì funfun, fìlà abetíajá. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ọ̀kadà lọ." Mo ní kó má ṣèyọnu, ọkọ ẹ̀ ti di ẹnjiníà.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ìrẹsì Ọ̀fàdà, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sì sá a kó tó dé ẹ̀rọ, àwọn obìnrin sì ti tẹ́ tapólì ìrẹsì lọ rẹrẹẹrẹ létí títì. Mo rí ewúrẹ́ kan níwájú. Mo tẹ bíréèkì ẹsẹ̀. Ó lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀, Vespa ò sì mọ̀ pé mo tẹ nǹkan kan. Mo fa ti ọwọ́. Àwọn tó ti gun Vespa àtijọ́ mọ̀ pé ti ọwọ́ yẹn, ojú àánú ló fi ń ṣiṣẹ́. Mo yà fún ewúrẹ́, mo sì wọ orí tapólì. Táyà ẹ̀yìn ń yọ̀, ìrẹsì ń fò, àwọn obìnrin ń pariwo "Yéè! Yéè!" Mo ṣubú jẹ́jẹ́ sáàárín ìrẹsì. Nígbà tí mo dìde, ọ́ìlì ti wọ léèsì mi láti orúnkún dé àyà, ìrẹsì sì ti lẹ̀ mọ́ ọ́ìlì.

Ìyá àgbà kan rìn wá, ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Ṣé ẹ ò fara pa?"

"Rárá, mà."

"Ẹ kú oríire. Ẹ wá sanwó ìrẹsì."

Mo sanwó. Mo sì ru ìrẹsì ọlọ́ìlì náà relé. Àwọn adìyẹ ṣa á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wò mí, wọ́n kọjá.

Abẹ́òkúta ni a gbé Vespa lọ, sọ́dọ̀ bàbá kan tó ti ń tún un ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó tan án, ó jẹ́ kó gbóná, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó sì fi sukudíráfà ṣí gọ́ọ̀mù mi kúrò. Fììì! Afẹ́fẹ́ tú jáde. Bàbá gbójú sókè.

"Ta ló dí i nímú?"

Mo ní bóyá bí mo ṣe bá a nìyẹn. Ó wo gọ́ọ̀mù náà, àmì ìka ọwọ́ mi wà lórí rẹ̀ kedere. Kò jiyàn. Ó ní bí gíá bá gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú, ihò yẹn ló sì ń gbà jáde. Ẹni tó bá dí i, tó tún rọ ọ́ìlì kún àkúnya, ọ́ìlì á ti síìlì táyà ẹ̀yìn, á sì gba ibẹ̀ bọ́ sínú bíréèkì.

"Èyí tó kọ́kọ́ ń kán ńkọ́, sà?"

Ó ṣí táàpù epo, ó dúró díẹ̀, ó sì fi ìka gba ohun tó kán lábẹ́ kábúrétọ̀. Ó gbé e sí mi nímú. Bẹntiróòlù. Mi ò kì í pa táàpù lálẹ́, epo á máa kán. Bẹntiróòlù á fò lọ, ọ́ìlì tí mo fọwọ́ ara mi pò mọ́ ọn á kù sílẹ̀. Gíá ò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Ó pààrọ̀ síìlì, ó pààrọ̀ ṣúù bíréèkì, ó kọ owó. Owó síìlì ò tó nǹkan. Yíyọ ìyókù gọ́ọ̀mù kúrò nínú ihò ló gba owó ńlá. Mo ní kó bá mi dín ìyẹn kù. Ó ní òun kọ́ ló lẹ̀ ẹ́.