Ó Ṣiṣẹ́, Àmọ́ Ta Ló Máa Sanwó Ẹ̀?

Ẹ̀yin ẹnjiníà wa! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé kàlìkúlétọ̀ sílẹ̀ ná, ẹ ṣí akoto lórí, ẹ fìdí kalẹ̀. Ẹ̀yin ló kàn lónìí. A mọ̀ pé ẹ ò gba ìwọ̀sí. Bí alága ìdúró bá ṣèèṣì pè yín ní Ọ̀gbẹ́ni níbi ìgbéyàwó, ojú yín á kọ́rẹ́ lọ́wọ́ títí wọ́n á fi gbé ìrẹsì kọjá. "Ẹnjiníà" gbọ́dọ̀ ṣáájú orúkọ, kódà lórí káàdì ìsìnkú ìyá ìyàwó yín. Kò burú, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹni tó bá lè sọ irú afẹ́fẹ́ tó máa wó òpó kí afẹ́fẹ́ ọ̀hún tó fẹ́, ó tó ẹni à ń júbà fún. Ohun tí kò yé èmi ni pé, bí a bá bi yín pé "Ṣé nǹkan yìí máa mówó wọlé?", èsì yín kì í ju ọ̀kan lọ: "Ó máa ṣiṣẹ́." A ò bi yín bóyá ó máa ṣiṣẹ́, ọ̀gá. Owó la bèèrè.

Ẹ ò kúkú lè ní wọn ò kọ́ yín. Láti 1877 ni Arthur Wellington, ẹnjiníà ojú irin ní Amẹ́ríkà, ti kọ odidi ìwé lórí ibi tó yẹ kí ojú irin gbà kí owó oníṣòwò má baà wọgbó. Àwọn yunifásítì wa náà ń kọ́ yín: bí owó òní ṣe níyì ju owó ọ̀la lọ, bí èlé ṣe ń gun orí èlé, ìgbà tí ọjà máa dá ojú owó padà. Àwa tá a bá yín gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì mọ ìgbà tí ẹ máa ń ka kọ́ọ̀sì yẹn: òru tí ìdánwò ku ọ̀la, láàárín gààrí àti oorun.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀rí wá, kí ẹ má baà ní mo ń parọ́ mọ́ yín. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa Iridium, ilé iṣẹ́ fóònù tó ń gba orí sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, ni pé ní 1985, ìyàwó Bary Bertiger, ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ Motorola, wà lẹ́nu ìsinmi ní erékùṣù Bahamas. Ó fẹ́ fi fóònù parí ọ̀rọ̀ òwò ilé kan, fóònù ò wọlé. Ó bá bi ọkọ rẹ̀ pé kí ló dé. Ọkọ mìíràn á ní, "Ìyàwó mi àtàtà, fara balẹ̀, a máa pè wọ́n tá a bá délé." Ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù kan ló máa ná an. Bertiger padà sí Arizona, òun àti Raymond Leopold àti Ken Peterson forí korí, wọ́n yà á, wọ́n ṣírò rẹ̀, wọ́n ní ojútùú ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ni sátẹ́láìtì 77.

Iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà nínú ẹ́tọ́ọ̀mù irin tí wọ́n ń pè ní iridium náà ni 77, ni wọ́n bá fi sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tó yá, wọ́n tún un ṣírò, wọ́n rí i pé 66 tó. Owó gidi ni wọ́n gbà là níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká pàtẹ́wọ́. Àmọ́ irin tí iye tirẹ̀ jẹ́ 66, dysprosium ló ń jẹ́. Wọ́n wo orúkọ náà, wọ́n wo ojú oníbàárà, wọ́n fi Iridium sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí ẹ bá ń wá ìpinnu ọjà tó já geere nínú gbogbo ìtàn yìí, ìyẹn ni kí ẹ dì mú, nítorí òmíràn ò ní tètè dé.

Àwọn sátẹ́láìtì ọ̀hún ń fò ní nǹkan bí 780 kilómítà sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yí ayé po ní nǹkan bí 100 ìṣẹ́jú. Kò sí èyí tó dúró sórí ẹnì kan. Bó ṣe ń dé ló ń lọ, òmíràn á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á máa ju ọ̀rọ̀ náà síra wọn lójú sánmà títí yóò fi dé etí ẹni tó ni ín. Iṣẹ́ ọwọ́ yín dùn ún wò, a ò ní purọ́. Àmọ́ ẹ wá wo ohun tó ṣe àpò: ẹ ò lè gbé mẹ́ta sókè kí ẹ fi tọ́ ọjà wò. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ti wà lókè pátá kí ẹni àkọ́kọ́ tó lè sọ "háló" tó máa sanwó. Bí olóúnjẹ tó ní òun ò ní bu abọ́ kan tà àyàfi tí òun bá ti se èyí tó máa ká gbogbo Ìbàdàn! Bó bá wá jẹ́ pé àmàlà ni Ìbàdàn fẹ́ lọ́jọ́ náà, tí òun sì se ìrẹsì ńkọ́?

Ẹni tó ń ta GSM ò ní irú wàhálà yẹn. Ó gbé òpó kan sí Ìkẹjà, ó gbowó, owó ọ̀hún ló fi gbé èkejì sí Òṣòdì. Ibi tí ọjà ò bá ti yá, kò ní débẹ̀ mọ́. Sátẹ́láìtì yín ò lè yan ibi tó máa lọ. Omi òkun ló bo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé, orí òkun náà ni wọ́n sì ti ń lo ọ̀pọ̀ àsìkò wọn. Ẹja ò ra fóònù.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 1998, wọ́n ṣí ọjà. Al Gore, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà, ló pe ìpè àkọ́kọ́. Nǹkan bí bílíọ̀nù 5 dọ́là ti bá a lọ. Fóònù náà tó bíríkì, nǹkan bí 3,000 dọ́là ni wọ́n ń tà á, ìṣẹ́jú kan sì jẹ́ dọ́là 3 dé 8. Ẹ rò ó fún ọmọ Yorùbá. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ jí dáadáa? Bàbá ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ màmá tó ń dùn wọ́n, ṣé ó ti fúyẹ́?" A ò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀, 20 dọ́là ti wọlẹ̀. Nígbà tí GSM dé bá àwa ní 2001, tí ìṣẹ́jú kan jẹ́ ₦50, fílàṣì ló yọ wá. A fi fílàṣì kí ìyá, a fi fẹ́ra sọ́nà, a fi sin gbèsè. Ta ló máa ra fóònù 3,000 dọ́là kó máa fi ṣe fílàṣì?

Èyí tó tún panilẹ́rìn-ín jù ni pé fóònù náà gbọ́dọ̀ rí ojú sánmà kó tó gbọ́rọ̀. Ta ni wọ́n sì fẹ́ tà á fún? Oníṣòwò ńlá tó ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn. Ibo lẹ ti máa ń rí irú wọn? Ọ́fíìsì, òtẹ́ẹ̀lì, inú mọ́tò. Gbogbo rẹ̀ ló ní òrùlé! Ọ̀gá tó wọ kóòtù á wá fi ìpàdé sílẹ̀, á gbé bíríkì jáde sínú oòrùn, á máa na eriali sójú ọ̀run. Ẹ ò sì lè ní ẹ ò mọ̀, ẹ̀yin lẹ ṣírò rẹ̀. Ẹ kàn kọ ọ́ sí abẹ́ ọ̀rọ̀ eriali ni, nígbà tó jẹ́ pé abẹ́ ọ̀rọ̀ owó ló yẹ kó wà.

Láti ìsinmi Bahamas dé ìpè Gore, ọdún 13 ni, ayé ò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Ní 1991, wọ́n ti fi GSM pe ìpè ní Finland. Nígbà tó fi máa di 1998, fóònù tó ń wọ àpò ti kún àwọn ìlú ńlá tí oníṣòwò yẹn ń lọ. Ẹnì kan ìbá ti máa dìde lọ́dọọdún, kó gbàgbé iye tí wọ́n ti ná, kó bèèrè pé: èyí tó kù láti ná, èló ni, èló ló sì máa mú wá láti òní lọ? Owó àná ti jóná, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò nínú ìpàdé òní. Àmọ́ ẹ dán an wò, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnjiníà tó ti ń ya àwòrán kan láti ọdún mẹ́wàá. Á ní, "Ó kù díẹ̀." Àwọn tó ń yáni lówó náà fẹ́ràn "ó kù díẹ̀" gan-an, torí ní gbogbo ìgbà tó bá kù díẹ̀, èlé ń gùn. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ 1999, Iridium gba kóòtù lọ, ó ní òun ò lè san gbèsè mọ́. Ọdún kan ò pé lórí àtẹ.

Motorola wá ń múra láti já àwọn sátẹ́láìtì náà bọ́ kí wọ́n jóná lójú sánmà. Ibẹ̀ ni Dan Colussy, tó ti ṣe ààrẹ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Pan Am rí, ti yọjú. Òun àti àwọn tó kó jọ ra gbogbo rẹ̀ ní mílíọ̀nù 25 dọ́là. Ẹ lè mú kàlìkúlétọ̀ yín báyìí: ohun tí ẹnì kan fi 200 dọ́là ṣe, ẹlòmíràn fi dọ́là 1 gbé e lọ. Iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà wá fọwọ́ síwèé pé òun á san mílíọ̀nù 72 dọ́là fún ìlò ọdún méjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta owó tí wọ́n rà á. Ẹnjiníà kankan ò sì gun àkàbà lọ tún ohunkóhun ṣe lára wọn o. Ojú owó ló fúyẹ́, oníbàárà ló yí padà: sójà nínú aṣálẹ̀, atukọ̀ lójú òkun, àwọn tó ń wa epo níbi tí òpó kankan ò sí. Àwọn wọ̀nyí kì í wá òrùlé kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: "Ṣé ẹ rí i? A ní ó máa ṣiṣẹ́!" A gbà. Kódà, ẹ ṣe é jù. Ọdún 5 sí 8 lẹ ṣírò pé sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan máa lò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́ lókè títí wọ́n fi fi tuntun rọ́pò wọn láàárín 2017 sí 2019. Nínú gbogbo ìṣirò yín, àṣìṣe kan ṣoṣo tó jẹ́ èrè nìyẹn, ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn tó san mílíọ̀nù 25 ló sì jẹ ẹ́.