Àwòrán Ọjà Zaria

Àwọn ọ̀mọ̀wé ìṣòwò ní kí oníṣòwò tó náwó, kó pín àwọn oníbàárà sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́, kó yà wọ́n sórí àwòrán, kó wá wo ibi tó ṣófo. Wọ́n ní ibẹ̀ lowó wà.

Ní Zaria, àwọn Òyìnbó amúnisìn ti bá wa pín ìlú náà tán láìgba kọ́bọ̀. Onílẹ̀ wà nínú odi ní Birni. Ará Òkè Ọya tó jẹ́ àlejò, Tudun Wada. Yorùbá, Igbo àtàwọn ará gúúsù yòókù, Sabon Gari. Àwọn Òyìnbó fúnra wọn lọ gbafẹ́ sábẹ́ igi ní GRA. Ní 1962, Yunifásítì Ahmadu Bello bẹ̀rẹ̀ ní Samaru, ni ọ̀wọ́ kan bá tún kún un: akẹ́kọ̀ọ́, tí kò lówó oúnjẹ, àmọ́ tó gbọ́dọ̀ ṣe fọ́tòkọ́pì.

Àwòrán ò kúkú ń sọ ìdí tí ibì kan fi ṣófo. Ẹ wo Birni: èrò pọ̀ bí omi, kò sí pátákó ilé ọtí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ìmọ̀ ìṣòwò lè rí i, kó fò sókè pé ọwọ́ òun ti tẹ ìṣúra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dì í mú.

Ìyá alámàlà ní Sabon Gari ò ya àwòrán kankan. Ó mọ ẹni tó ń jẹ àmàlà, ó sì mọ ẹni tó ń jẹ gbèsè. Hausa kan wà tó máa ń yà síbẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ìyá ò mọ ọ̀wọ́ tó yẹ kóun fi í sí, ó ṣáà ń bu ẹran sí i.