Ọ̀gbẹ́ni Díẹ̀-Ló-Kù

Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní àdúgbò, níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí wọ́n ti ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, òun ni ọ̀ta, gbogbo wa yòókù ni ọ̀pẹ̀. Bó bá gbé ẹṣin rẹ̀, á fi gbá ojú ọpọ́n, gbàmù! Bó bá sì ṣì í gbé, á dá a padà: "Mo ṣì ń ronú ni." Ta ló fẹ́ bá a jà? Òun ló ni ọpọ́n.

Àfi ìgbà tó lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje gidi ní Èkó. Ètò Swiss ni wọ́n ń lò níbẹ̀: ní ìpele kìíní, wọ́n á pín àwọn òṣèré sí méjì bí agbára wọn ṣe tó, wọ́n á wá fi ìlàjì òkè ko ìlàjì ìsàlẹ̀. Bí ọ̀ta ṣe ń bá ọ̀pẹ̀ pàdé láàárọ̀ nìyẹn. Ọmọbìnrin kan tó dirun ṣùkú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tólẹ̀ lórí àga, ni wọ́n fún un. Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé màmá ẹ mọ̀ pé o wà níbí?" Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i, ó gun àga padà, ó tẹ aago.

Kò pẹ́ tí ọwọ́ ọ̀gá fi kan ayaba. Ó fẹ́ fi í sílẹ̀. Adájọ́ ní ó tì, èyí téèyàn bá fọwọ́ kàn ló gbọ́dọ̀ gbé. Ó gbé e. Ẹṣin ọmọ náà fò, ó ká ọba àti ayaba mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọba sá. Ayaba bá ẹṣin lọ.

"Díẹ̀ ló kù kí n pa á!" Fáànù ló ń fẹ́ sí i lójú. Ọmọ náà ń jẹ bisikíìtì (èyí kì í ṣe irọ́, ó jẹ méjì). Ọ̀gá tún gbé ìlànà Arpad Elo jáde, èyí tí FIDE, àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, gbà ní 1970 láti fi díwọ̀n agbára òṣèré. Bí àlàfo 400 bá wà láàárín ìwọ̀n ẹni méjì, nínú eré 11, nǹkan bí àmì 10 ni ìṣirò ń retí fún ẹni tó lágbára. Etí ọ̀gá di sí 10 yẹn. 1 tó kù ni tirẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti ń dúró dè é.

Ní ìpele kejì, ẹni tó pàdánù ni wọ́n ń fi ko ẹni tó pàdánù. Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan ló bá nídìí ọpọ́n, tójú rẹ̀ ṣì pọ́n fún ẹkún àárọ̀. Kó tó di aago mẹ́ta, ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín.