Ta Ni Yóò Dáwó Gọ́tà?
Ìlànà dídá owó gọ́tà àdúgbò n'Ìbàdàn, láti Bódìjà dé Challenge, kò le rárá. Onílé orí òkè kì í dá a, torí omi kì í dúró lọ́dọ̀ rẹ̀. Onílé ìsàlẹ̀ kì í dá a, torí òun kọ́ ló ránṣẹ́ pe omi. Ayálégbé ńkọ́? Ilé kì í ṣe tirẹ̀, àfi bẹ́ẹ̀dì tó ń léfòó. Àgbàrá kò ní òun ò ní wólé, onílé ni kò ní gbà. Owó gọ́tà gan-an ni kò sì gbà jù. Odò Ògùnpa kò dúró de ìpàdé kó tó ya wọ ìlú lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, bẹ́ẹ̀ ni omíyalé oṣù Kẹjọ 2011 kò béèrè ẹni tó ti san. Ní 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí ẹ̀yáwó mílíọ̀nù 200 dọ́là láti kojú omíyalé Ìbàdàn. Púpọ̀ nínú àwọn tí yóò san án kò tíì délé ayé, nítorí náà kò sẹ́ni tó takò ó.