Sí Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ń Bá Òjò Jà Nítorí Tòmátì

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òjò, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn, ẹ sì kú ìrọ́jú tòmátì. Mo gbọ́ pé ẹ ti ra agboòrùn fún un. Àwọn ará àdúgbò yín ní Ìbàdàn ń bi mí bóyá ara yín yá. Mo ní ara ẹ̀gbọ́n mi le koko, tòmátì rẹ̀ ni kò gbádùn.

Ẹ má bínú sí àbúrò yín o, ṣùgbọ́n ta ló ní kí ẹ gbin tòmátì ní oṣù kẹfà? Òjò kì í fi oṣù yẹn ṣeré nílẹ̀ wa. A máa dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, á tún fi ìbínú padà ní oṣù kẹsàn-án. Púpọ̀ nínú tòmátì tí ẹ ń rí ní ọjà Bódìjà, apá Kánò, Kàdúná àti Kàtísínà ló ti ń wá, níbi tí wọ́n ti ń bomi rin ín lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ewé rẹ̀ bá tutù láti àárọ̀ di alẹ́, àrùn á wọ̀ ọ́, á ní ojú dúdú dúdú, èso á sì rà kó tó pọ́n.

Abẹ́ ọ̀ṣọ́rọ̀ gan-an lẹ tún gbìn ín sí, ẹ ní ibẹ̀ tutù dáadáa! Gbòǹgbò náà ń mí o, ẹ̀gbọ́n. Bí omi bá gba gbogbo àlàfo inú erùpẹ̀, kò rí afẹ́fẹ́ mọ́, ewé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ẹ̀yin rí ewé tó pọ́n, ẹ ní ebi ló ń pa á, ẹ da yúríà sí i. Òjò alẹ́ ọjọ́ náà gbé yúríà lọ sí gọ́tà. Wọ́n ní koríko ẹ̀bá gọ́tà yẹn ń dán gbinrin.

Ti ìgbín tó ń jẹ ewé yín kò le: eérú tí ẹ dà sílẹ̀ fún un, tí òjò ti rẹ, kò lè dá a dúró, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì ṣà á lálẹ́, kí ìyá àwọn ọmọ fi ata dín in.

Ọ̀rọ̀ gbúre ló dùn mí jù. Ó hù fúnra rẹ̀, ó ń tàn kálẹ̀ nínú omi tó ń pa tòmátì, ẹ fà á tu, ẹ jù ú sẹ́yìn ọgbà, ẹ ní èpò ni. Ìyá àwọn ọmọ wá lọ fowó ra gbúre lọ́jà, ẹ fi jẹ iyán, ẹ tún ní kí wọ́n bù sí i!

Ẹ kọ ebè gíga, kí omi rí poro gbà lọ. Ẹ gbin ewédú àti tẹ̀tẹ̀ sórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí tẹ̀tẹ̀ má fún pọ̀, kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sídìí wọn kí erùpẹ̀ má baà ta sí ewé. Bí ẹ kò bá gba tèmi gbọ́, ilé ìwádìí ọ̀gbìn ẹ̀fọ́ àti èso tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1975 ṣì wà ní Ìdí-Ìṣin, ní Ìbàdàn yín níbẹ̀. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ wọn. Tòmátì yín, ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀.

Bí ẹ bá sì tún fẹ́ fa gbúre tu, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí kí n wá kó o. Ẹ̀gúsí ti wà nílé.

Èmi ni àbúrò yín.